Kànga Wo Lẹ Fẹ́ Ti Pọn Ooru?

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni bọ́ílà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Dartford, lágbègbè Kent, dákẹ́. Láti ìgbà Kérésì ló ti ń wúkọ́. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á jí, kò ní pẹ́ á tún sùn lọ. Lọ́jọ́ tó wá kọ̀ jálẹ̀, yìnyín ti bo gíláàsì mọ́tò níta, àwọn ọmọ sì wọ kóòtù jẹun àárọ̀. Oníṣẹ́ gáàsì tó wá wò ó ní ọdún 17 tó ti lò kì í ṣe kékeré, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé tuntun wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kó ṣì fi ọgbọ́n rọ èyí tó wà nílẹ̀ ná. Wọ́n ti gbọ́ pé híìtì pọ́ǹpù kan wà tó ń fi iná mànàmáná mú ilé gbóná, àti pé ìjọba ń fi £7,500 kún owó ẹni tó bá fẹ́ gbé e sílé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, WhatsApp ẹbí ti gbóná ju bọ́ílà lọ. Àbúrò wa kan ní Leeds ní kí wọ́n má dán an wò, pé bí òtútù bá ti dé gan-an ni nǹkan náà ń sá. Ẹlòmíràn tó wà ní Aberdeen, níbi tí òtútù ti ju ti Leeds lọ, ní ti àwọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìbátan wa tó ń tún fíríìjì ṣe n'Íbàdàn wá béèrè tirẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe AC lẹ ń pariwo lé lórí láti àárọ̀ yìí?" Gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ ohun tó ń sọ.

AC ni lóòótọ́. Ẹ dúró sẹ́yìn ilé kan ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án gangan, níbi tí wọ́n kan ẹ̀rọ AC mọ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń lù yín lójúgun yẹn, inú yàrá ló ti wá. Ẹ̀rọ náà kò ṣe òtútù kankan, ooru ló ń kó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíríìjì: inú rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná. Híìtì pọ́ǹpù wulẹ̀ kọjú iṣẹ́ kan náà síbòmíràn ni. Ìta ló ti ń kó ooru, ó ń gbé e wọlé.

Ooru wo ló wá wà níta ní oṣù Ṣẹ́rẹ́? Ìbéèrè àbúrò wa ní Leeds nìyẹn, kò sì burú. Àwa èèyàn ló ń pe dígírì 2 ní òtútù. Gáàsì tó ń yí po nínú páìpù ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ọ́n lótùútù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, prọ́péènì ni gáàsì ọ̀hún, R290 ni wọ́n ń kọ sí i lára, dígírì 42 nísàlẹ̀ òdo ló sì ti ń hó. Lójú ohun tó ń hó nínú òtútù tó tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ àárọ̀ Dartford dà bí agbada tó wà lórí iná. Ó gba ooru lára afẹ́fẹ́ náà, ó hó, ó di oru, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wá fún un pọ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Ooru yẹn ló ń gbé fún omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú u sílẹ̀, á tutù, á padà síta lọ gba òmíràn.

Bí omi pípọn lèmi ṣe ń rò ó. Bọ́ílà gáàsì ń dáná. Híìtì pọ́ǹpù kò dáná, ó ń pọn ooru ni, iná mànàmáná tó ń jẹ sì ni owó ọ̀yà ẹni tó lọ pọn ọ́n. Ẹ san yúnìtì kan fún un, á gbé mẹ́ta wá, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pọn omi rí mọ̀ pé iye garawa tí ọwọ́ ẹni ká kó tó rẹni wà lọ́wọ́ bí kànga ṣe jìn tó, àti bí ibi tí a fẹ́ rù ú dé ṣe ga tó. Kànga tí kò jìn, ìkòkò tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìrọ̀rùn nìyẹn. Kànga jíjìn, ìkòkò orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ múra owó. Kí ẹnikẹ́ni tó máa ka orúkọ ẹ̀rọ sí yín létí, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀: inú kànga wo lẹ ti fẹ́ pọn ooru, inú kí lẹ sì fẹ́ dà á sí?

Afẹ́fẹ́ ni kànga tó wà lẹ́yìnkùlé gbogbo èèyàn, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù ní Britain. Àpótí kan tó ní fáànù níwájú ni wọ́n máa gbé sẹ́yìn ilé. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi £13,000 kí owó ìrànwọ́ tó wọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbà tẹ́ ẹ nílò ooru jù ni kànga náà ń jìn jù. Lóru tí ilẹ̀ bá dì, ẹ̀rọ á máa mí gúlegúle, owó iná á sì gòkè. Àmọ́ ẹ wo Norway. Ó ju ìdajì ilé lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn tó ń lo híìtì pọ́ǹpù, inú afẹ́fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pọn ọ́n. Bí òtútù bá lè lé ẹ̀rọ yìí, Norway ni ì bá ti kọ́kọ́ lé e.

Nǹkan kan wà tó máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò rí i rí. Bí ìta bá rin tó sì tutù, yìnyín máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà. Ẹ̀rọ á yí iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á bu ooru díẹ̀ láti inú ilé wá yọ́ yìnyín ọ̀hún. Oru á bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ro àmàlà fún èrò àríyá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi ti gbé fóònù láti pe panápaná. Omi tó bá yọ́ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bi oníṣẹ́ léèrè kó tó gbẹ́ ihò kan: ibo ló ń gbà? Bó bá ń ṣàn gba ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń lọ da ìdọ̀tí nù, á dì lóru, ẹnì kan á sì yọ̀ ṣubú láàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá tẹ́ ẹ ń sùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n há a mọ́ kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù tó ń tú jáde á ti tún padà sí i nímú. Èyí tó bá ní prọ́péènì nínú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí ojú gọ́tà, torí gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń tò sí. Tẹ́lẹ̀ ní England, ó kéré tán mítà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀rọ náà àti ààlà ilẹ̀ yín bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n mú òfin yẹn kúrò ní 2025, ìdẹ̀ra ńlá ló sì jẹ́ fáwọn tí ẹ̀yìnkùlé wọn kò ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ.

Kànga kejì ni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà bí àlọ́: kànga tí wọ́n gbẹ́ jìn jù ni kò jìn. Bẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ Britain dé nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí ọ̀gìnnìtìn. Dígírì 10 sí 12 lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́dún lọ́dún. Ẹ̀rọ tó ń ti ibẹ̀ pọn ooru kì í ṣe wàhálà púpọ̀, kì í pariwo níta, ó sì ń pẹ́. Ohun tó ń dá èèyàn dúró ni gbígbẹ́ kànga ọ̀hún. Yálà kẹ́ ẹ ní ilẹ̀ tó fẹ̀ bíi pápá, tí wọ́n á tẹ́ páìpù sí lábẹ́, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tó jìn tó mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi bọ̀dá, ìyẹn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ máa gbà wọ ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n wo ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wọn àti ti aládùúgbò, níbi tí báàgì ìdọ̀tí pàápàá ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Owó rẹ̀ sáábà máa ń ju £25,000 lọ, £7,500 kan náà sì ni ìjọba ń fún un.

N kò ní gba onílé kan ṣoṣo ní ìgboro nímọ̀ràn pé kó gbẹ́lẹ̀. Ibi tó ti wọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti lè jọ pọn kànga kan. Ní Enfield, ní àríwá London, ìjọba ìbílẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún ilé gogoro mẹ́jọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kéékèèké kan sínú fúláàtì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 400 fúláàtì lápapọ̀, wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ kànga àjọni. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé fúláàtì káńsù pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sípàdé àwọn ayálégbé, ẹ bi wọ́n nípa èyí.

Odò ni kànga kẹta. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sí létí odò tàbí adágún lè fo ìpínrọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́ bí ìtàn. Láti 1852 ni William Thomson, tí wọ́n wá sọ di Lord Kelvin, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a lè fi irú ẹ̀rọ báyìí mú ilé gbóná. Ní 1945, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ John Sumner pọn ooru láti inú odò Wensum fún ilé iṣẹ́ mànàmáná ìlú Norwich. Nígbà tí wọ́n ṣí Royal Festival Hall ní London ní 1951, inú odò Thames ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń bu ooru. Ẹni tó bá ní nǹkan tuntun táwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ni, ẹ sọ fún un pé bàbá bàbá rẹ̀ ló bá a láyé.

Ó wá ku ìkòkò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bọ́ílà gáàsì máa ń ti omi tó gbóná tó dígírì 70 sínú rédíétọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ óò yára fà á padà. Híìtì pọ́ǹpù lè gbé omi dé ibẹ̀, àmọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Dígírì 45 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Rédíétọ̀ tí omi inú rẹ̀ wà ní 70, nínú yàrá tó wà ní 20, bẹ́ ẹ bá sọ omi náà di 45, ooru tó ń tú jáde kò ní ju nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé rédíétọ̀ yín gbọ́dọ̀ tóbi sí i, tàbí kí ilé yín má jo ooru nù. Òwú tí wọ́n ń tẹ́ sórí àjà wà lára ohun tó rọjú jù lọ tẹ́ ẹ lè rà, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Páìpù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ yàrá ni ìkòkò tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ jù, dígírì 35 tó o. Ẹni tó ń kọ́lé tuntun kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá òun. Ṣùgbọ́n kéèyàn tú gbogbo ilẹ̀ ilé tó ti ń gbé nítorí rẹ̀ nìkan, èmi kò ní ṣe é.

Àwọn kan kì í lo ìkòkò rárá. Inú afẹ́fẹ́ yàrá gan-an ni wọ́n ń da ooru sí. AC tí ìbátan wa n'Íbàdàn mọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́, èyí tó lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ó rọjú, ọjọ́ kan wọ́n á ti gbé e tán, tó bá sì di ẹ̀ẹ̀rùn á mú yàrá tutù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Agẹmọ 2022, nígbà tí Coningsby ní Lincolnshire dé dígírì 40.3, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Britain, mélòó nínú wa ló sùn? Ohun tí kò lè ṣe ni omi ìwẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan sì nílò tirẹ̀, £7,500 yẹn kò sì kàn án. Fún fúláàtì kékeré tó ń fi híítà oníná gbóná, tí kò ní rédíétọ̀ olómi rárá, òun lèmi máa kọ́kọ́ wò.

Oníṣẹ́ méjì ló wá sílé ẹ̀gbọ́n mi. Èkíní kò bọ́ bàtà, kò jókòó. Ó béèrè iye yàrá, ó tẹ nǹkan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ní kìlówáàtì 14 ni wọ́n nílò. Èkejì jẹ́ obìnrin, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, ó sì lo wákàtí mẹ́ta. Ó wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ó gun àjà, ó ki ọwọ́ bọ inú òwú láti mọ bó ṣe jìn tó. Ó kan ògiri kọ́kọ́kọ́, ó tẹ́tí, ó mọ̀ pé àlàfo wà láàárín rẹ̀. Ó kó sẹ́yìn àga ìjókòó lọ wọn páìpù tó wọ rédíétọ̀, torí páìpù tín-ínrín kì í lè gbé omi tó pọ̀ tó fún ẹ̀rọ yìí. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, ó ní bí ìta bá tutù dé dígírì 2 nísàlẹ̀ òdo, ooru tí ilé náà ń pàdánù kò ju kìlówáàtì 6.4 lọ. Ẹ̀rọ kìlówáàtì 7 ti tó.

Bọ̀dá kò kọ́kọ́ gbà. Bọ́ílà wọn àtijọ́ jẹ́ kìlówáàtì 28, báwo ni 7 ṣe máa rọ́pò rẹ̀? Obìnrin náà ṣàlàyé pé torí omi ìwẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe irú bọ́ílà yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀, kó lè mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ilé fúnra rẹ̀ kò nílò ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá tóbi jù á máa tan, á máa kú, á máa tan, á máa kú, bí awakọ̀ dánfó nínú gò-sílóò, bẹ́ẹ̀ ni iná á máa lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á sì tètè gbó. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín láìwọn ilé yín, ẹ fún un ní omi tútù mu, kẹ́ ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó tààrà, torí irọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ní Britain, yúnìtì iná mànàmáná wọ́n ju ti gáàsì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní iná jẹ́ pẹ́ńsì 26, gáàsì jẹ́ 6. Bọ́ílà máa ń fi díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà yúnìtì ooru kan láti ara gáàsì á tó pẹ́ńsì 7. Bí híìtì pọ́ǹpù yín bá ń sọ ẹyọ kan di mẹ́ta, tirẹ̀ á sún mọ́ 9. Ẹ ti pàdánù. Bó bá ń sọ ọ́ di mẹ́rin, 6 àti ààbọ̀ ni, ẹ jèrè. Gbogbo ìjà wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin yẹn. Nínú ìwádìí tí ìjọba Britain náwó sí, tí wọ́n pè ní Electrification of Heat, wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ilé 742, ti ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀, fúláàtì náà wà níbẹ̀, kò sì sí irú ilé tó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 2.8 ni ìwọ̀n àárín tí àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ rí lórí yúnìtì iná kan. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń tà káàkiri, bí wọ́n ṣe gbé e sílé ló yàtọ̀. Ẹni tó bá gé gáàsì kúrò pátápátá á bọ́ lọ́wọ́ owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lórí mítà gáàsì, ó ju £100 lọ lọ́dún. Àwọn ilé iṣẹ́ iná kan náà sì ní iye owó ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ní híìtì pọ́ǹpù, ẹ béèrè.

Ní ti £7,500, Boiler Upgrade Scheme lorúkọ ètò náà, England àti Wales ló wà fún. Scotland ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 2022 ló ti bẹ̀rẹ̀, £5,000 ni fún ti afẹ́fẹ́ nígbà náà, oṣù Ọ̀wàwà 2023 ni wọ́n bù kún un. Oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí MCS ló ń bá yín gbà á, á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Bí oníṣẹ́ kò bá ní MCS, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ti parí. Títí di òpin oṣù Ẹrẹ́nà 2027, kò sí owó VAT lórí rẹ̀.

Ìjà tó le jù nílé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti owó. Ti táǹkì ni. Bọ́ílà àtijọ́ kò ní táǹkì omi gbígbóná, híìtì pọ́ǹpù kò lè ṣe láìní in, ibi kan ṣoṣo tí táǹkì lítà 210 lè gbà nílé náà sì ni kọ́bọ́ọ̀dù òkè tí ẹ̀gbọ́n mi kó kúlà, ìkòkò àríyá àti àpótí gèlè sí. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Kúlà wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì báyìí, àpótí gèlè sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Plumstead, níbi tó ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Rédíétọ̀ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ni wọ́n pààrọ̀. Iṣẹ́ parí ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí bọ́ílà kọ́kọ́ kú. Ẹ̀yà kan tí oníṣẹ́ gáàsì fi rọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ń lálàjá ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tí bọ́ílà rẹ̀ bá ti pé ọdún 12, kó tètè pe ẹni tí yóò wọn ilé rẹ̀, torí nínú òtútù kò sẹ́ni tó ń ṣa nǹkan yàn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń rà. Ìṣòro tó kù ni ti ìwà. Ọmọ NEPA ni bọ̀dá, bí wọ́n bá ti ń jáde nílé, wọ́n á ti pa gbogbo nǹkan. Ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní ìwọ̀nba, tọ̀sán tòru, kó máa pọn díẹ̀díẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ká wọn mọ́ ìdí bọ́tìnnì.

Nígbà tí oṣù Bélú dé, Màmá wá láti Abẹ́òkúta. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo wa wà ní pálọ̀. Màmá na ọwọ́ sí rédíétọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀, wọ́n mi orí.

"Ẹ̀rọ òyìnbó yín yìí ti bàjẹ́ o. Kò gbóná."

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n bóyá òtútù ń mú wọn. Màmá wo ara wọn. Bùbá àǹkárá kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn wọn. Kádígàn tí wọ́n wọ̀ wọlé láàárọ̀ ti wà lẹ́yìn àga láti ọ̀sán.

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà pe ẹni tó gbé e wá," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ìrọ̀rí mọ́ra.